Àwọn Orúnkún Tó Ń Bọ̀ Lọ́nà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣírò Iṣẹ́ Abẹ Oríkèé ní Dublin

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó gúnlẹ̀ sí Dublin láàárín 1998 sí 2004 ni kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà. Ara le. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó, wọ́n ń ṣe sìkiọ́rítì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wa takisí, wọ́n ń pọn ọmọ gun àtẹ̀gùn. Lónìí, ọ̀pọ̀ wọn ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, àwọn mìíràn sì ti kọjá rẹ̀. Bí ìyá kan bá wá ń di àga mú kó tó lè dìde, tí bàbá kan ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ bí ọmọdé, àwọn ará á ní òtútù Ireland ló fà á. Òtútù lè mú kí oríkèé máa ro èèyàn sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara, iṣẹ́ tí a fi orúnkún ṣe, ìfarapa àtijọ́ àti ohun tí a jogún lára òbí ló ń jẹ ẹ́.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, báwo ni orílẹ̀-èdè kan ṣe ń mọ iye èèyàn tí yóò nílò orúnkún tuntun tàbí ìgbáròkó tuntun lọ́dún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún sí i? Nítorí pé kì í ṣe òní la ń kọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ ká lò ó lọ́la. Dókítà egungun kan ń lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́nu ẹ̀kọ́ kó tó dá dúró. Bí ìṣirò bá kéré, àwọn tí ìrora ń bá fínra ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bàjẹ́ ná. Ìgbáròkó rí bí ọmọ odó nínú odó: orí egungun itan rí roboto, ó wọnú kòtò kan lára egungun ìdí, ibẹ̀ ló ti ń yí síwá sẹ́yìn. Ti orúnkún yàtọ̀. Egungun itan ló jókòó lé egungun ojúgun lórí, iṣan líle ló sì so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà yẹ̀. Ní oríkèé méjèèjì, ohun funfun kan wà tó ń dán, tó sì ń yọ̀, òun ló bo ojú egungun kí egungun má baà máa ha egungun. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í hù padà dáadáa bó bá ti jẹ. Bó bá jẹ tán, egungun á kan egungun. Èyí ni oríṣi aromọ́léegun tó wọ́pọ̀ jù, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní làkúrègbé.

Bí oògùn ìrora, eré ìdárayá àti abẹ́rẹ́ inú oríkèé kò bá ran èèyàn mọ́, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ní ìgbáròkó, dókítà á gé orí egungun itan tó ti bàjẹ́ kúrò, á ki irin gígùn kan bọ inú egungun náà, á fi orí tuntun tí wọ́n fi irin tàbí sẹ̀rámíìkì ṣe lé e. Lẹ́yìn náà ni yóò gbẹ́ kòtò yẹn mọ́, yóò sì fi ife kan tí wọ́n fi ike líle tẹ́ inú rẹ̀ sí i. Ti orúnkún ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mọ̀. Wọ́n rò pé wọ́n ń gé orúnkún kúrò tán ni. Rárá o. Ojú egungun tó ti jẹ ni dókítà ń fá kúrò, kò sì nípọn rárá. Yóò fi irin bo ti òkè, yóò fi irin bo ti ìsàlẹ̀, yóò wá fi ike sáàárín wọn. Iṣẹ́ náà kì í sábà ju wákàtí méjì lọ. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọn kì í kùn lóorun pátápátá. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún wọn, tí ara á fi kú láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, tí ẹlòmíràn á máa gbọ́ kinní kan bí ẹni ń kan ìṣó, tí kò sì ní mọ ìrora kankan. Lọ́jọ́ kejì, tàbí lọ́jọ́ náà gan-an, nọ́ọ̀sì á ní kó dìde kó rìn. Nígbà kan rí, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni èèyàn ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Iṣẹ́ yìí kò dàgbà púpọ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà Themistocles Gluck ní Berlin fi eyín erin ṣe oríkèé fún àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n kò tọ́jọ́. John Charnley ní ilé ìwòsàn Wrightington ní àríwá England ló jẹ́ kó di iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń ṣe. Teflon ló kọ́kọ́ lò, irú èyí tí wọ́n fi ń bo inú páànù tí a fi ń dín nǹkan. Kíá ló jẹ nínú ara àwọn tó gbà á, ó sì ní láti tún wọn ṣe. Ní November 1962 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo ike mìíràn tó le jù ú lọ, pẹ̀lú orí irin kékeré àti sìmẹ́ǹtì tó ń lẹ irin mọ́ egungun. Irú ike yẹn, tí wọ́n ti túbọ̀ fún lágbára, ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Kódà Ireland fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń rọ àwọn irin wọ̀nyí tà fún ayé: ilé iṣẹ́ DePuy wà ní Ringaskiddy ní Cork. Ẹni tó ń dúró ní Dublin fún orúnkún tuntun lè jẹ́ pé nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Irin kọ́ ló ń wọ́n. Ibùsùn, nọ́ọ̀sì àti yàrá iṣẹ́ abẹ ló ń wọ́n.

Ó wá kan ìṣirò. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n mú iye èèyàn tó wà ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi iye tó ń gba iṣẹ́ abẹ nínú ẹgbẹ̀rún kan lọ́jọ́ orí yẹn sọ ọ́ di púpọ̀. Ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é: bí ẹni mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún kan lára àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún bá ń gba orúnkún tuntun lọ́dún, tí irú wọn sì jẹ́ 100,000, orúnkún 600 nìyẹn. Bí wọ́n bá di 200,000 lẹ́yìn ogún ọdún, ó di 1,200, láìjẹ́ pé ohunkóhun mìíràn yí padà. Ní Ireland, apá ìṣirò yìí kò ṣòro, nítorí ẹni tí yóò pé àádọ́rin ọdún ní 2040 ti wà láyé tipẹ́. Ìkànìyàn 2022 rí èèyàn 5,149,139 ní orílẹ̀-èdè náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọjá mílíọ̀nù márùn-ún láti 1851. Nínú wọn, 776,315 ló ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba, ìyẹn CSO, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 1.6 ní 2051. Ìlọ́po méjì nìyẹn, láì tíì sọ nǹkan kan nípa ìsanra tàbí iṣẹ́.

Apá kejì ló le: ṣé ẹni mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún kan yẹn yóò dúró sí mẹ́fà? Ibí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ya ara wọn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Britain, tó jáde ní 2015, ṣe é ní ọ̀nà méjì. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ kí ìwọ̀n tó ń gba iṣẹ́ abẹ dúró sójú kan, kí iye èèyàn, ọjọ́ orí àti ìsanra nìkan yí padà. Orúnkún tí wọ́n rí fún 2035 jẹ́ 118,666. Ní ọ̀nà kejì, wọ́n ní kí eré tí ìwọ̀n náà ti ń sá bọ̀ tẹ́lẹ̀ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ó di 1,219,362. Ẹ tún nọ́ńbà méjèèjì kà. Ọdún kan náà ni, orílẹ̀-èdè kan náà, àwọn oníṣirò kan náà, èkejì sì fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 2007, wọ́n ní orúnkún tuntun máa tó mílíọ̀nù 3.48 lọ́dún nígbà tó bá di 2030. Nígbà tó di 2018, àwọn mìíràn tún un ṣe, wọ́n ní mílíọ̀nù 1.26 ni. Nítorí náà, bí ẹ bá kà nínú ìwé ìròyìn pé iṣẹ́ abẹ orúnkún máa fò sókè ní ìlọ́po mẹ́fà, ẹ béèrè pé ọ̀nà wo ni wọ́n gbà ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ké ìbòsí.

Apá kẹta ni àtúnṣe. Oríkèé àtọwọ́dá kì í ṣe ohun tí à ń fi sára títí láé. Àkójọ ìwádìí tó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Lancet ní 2019 sọ pé nínú ìgbáròkó mẹ́wàá, bíi mẹ́fà ló ń lo ọdún 25. Ti orúnkún lé díẹ̀ ní mẹ́jọ. Fún ẹni àádọ́rin ọdún, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn: ìwádìí mìíràn tí Lancet gbé jáde ní 2017 rí i pé bíi márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn ni yóò padà wá fún àtúnṣe kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ṣùgbọ́n fún ọkùnrin tó gbà á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó tó 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Àtúnṣe sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ó ń pẹ́, ó ń gba ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gba egungun tó kù. Nígbà mìíràn ẹ̀bi ohun èlò ni. Ní August 2010, DePuy pe ìgbáròkó ASR tó jẹ́ irin lórí irin padà, èyí tí wọ́n ti fi sára nǹkan bí 93,000 èèyàn kárí ayé, àwọn ará Ireland sì wà nínú wọn. Kò sí oníṣirò kankan tó ti kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀ ní 2005.

Gbogbo èyí ló wà nínú ìwé. Ohun tí èmi rí i pé ó ń ṣi ìṣirò Ireland lọ́nà jù wà níbòmíràn. Iye iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe lánàá ni ìṣirò fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí kò sí ìdúró, iye tí wọ́n ṣe sún mọ́ iye tí wọ́n nílò. Ireland kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n ṣe níbẹ̀ jẹ́ iye tí àyè gbà. Ẹ wo ìgbà òtútù: àwọn aláìsàn pàjáwìrì á kún ilé ìwòsàn, àwọn kan á sùn sórí tírọ́lì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n á sì pè lórí fóònù pé kó má wá mọ́ ni ẹni tí wọ́n ti fún ní déètì fún orúnkún. Kòrónà dé ní 2020, wọ́n dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ dúró. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù May 2021, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ̀ǹpútà HSE, ìyẹn àjọ ìlera ìjọba, pa, àwọn ilé ìwòsàn sì fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá wo iye iṣẹ́ abẹ ọdún méjèèjì yẹn lè rò pé orúnkún àwọn ará Ireland sàn lójijì.

Ìdí rèé tí ilé ìwòsàn egungun Cappagh ní Finglas fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún Dublin. Àwọn Religious Sisters of Charity ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1908 fún àwọn tí ara wọn ń kọ́fẹ padà. Nígbà tó yá, ó di ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ egungun wọn, tí wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn síta kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn. Lónìí, iṣẹ́ egungun ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Nítorí náà, kò sí aláìsàn orí tírọ́lì tó máa gba bẹ́ẹ̀dì mọ́ ẹni tó wá pààrọ̀ ìgbáròkó lọ́wọ́. Ìjọba ti ní àwọn yóò kọ́ ilé ìwòsàn mìíràn tó jẹ́ iṣẹ́ abẹ oní-déètì nìkan ni yóò máa ṣe, ní Dublin, Cork àti Galway. Ó bọ́gbọ́n mu. Ó ti pẹ́ jù.

Bí wọ́n ṣe ń ka ìdúró náà ní ẹ̀tàn díẹ̀ nínú. Ọ̀nà méjì ni èèyàn ń dúró. Dókítà àdúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní GP, á kọ lẹ́tà sí dókítà egungun. Ibẹ̀ ni ìdúró àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí dókítà egungun bá tó rí ẹni náà, tó ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé kejì, tí aago á sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. NTPF, àjọ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ló ń tẹ iye àwọn tó wà lórí ìwé méjèèjì jáde lóṣooṣù. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èrò Sláintecare, ètò àtúnṣe ìlera Ireland ti 2017, ni pé kí ti àkọ́kọ́ má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ, kí ti èkejì má ju ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí orúnkún ń dà láàmú ní Dublin bóyá ó rí bẹ́ẹ̀.

Ti àwa Yorùbá wá ní àrà tirẹ̀. Àwọn ìwádìí ti fi hàn fún ìgbà pípẹ́ pé aromọ́léegun ìgbáròkó kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi ti àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n ti orúnkún wọ́pọ̀ láàárín wa dáadáa. Ireland sì jẹ́ ibi tí ìgbáròkó tí wọ́n ń pààrọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ti pọ̀ ju orúnkún lọ, nígbà tó jẹ́ pé orúnkún ló ń ṣíwájú ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi ìyẹn kún iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ṣe: gbígbé arúgbó sórí bẹ́ẹ̀dì, títẹ̀ fún wíwẹ̀, ìkúnlẹ̀ láti wọ bàtà fún wọn, òru lẹ́yìn òru fún ogún ọdún. Ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìkúnlẹ̀ àti ẹrù gbígbé lẹ́nu iṣẹ́ ń mú kí orúnkún tètè jẹ. Nítorí pé ìran tó dé láàárín 1998 sí 2004 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, wọn kò ní wọlé sí ilé ìwòsàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan èjèèjì. Wọ́n á rọ́ wọlé láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn ni.

Àwọn kan sì wà tí ìgbáròkó wọn kì í dúró de ọgọ́ta ọdún. Àwọn tó ní àrùn sickle cell, tí àwọn èèyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ni. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè dí ojú iṣan kékeré tó ń bọ́ orí egungun itan, egungun náà á kú, á sì rún. Ọmọ ọdún 25 lè nílò ìgbáròkó tuntun. Ní Dublin, ilé ìwòsàn St James's ni àgbàlagbà tó ní àrùn yìí ti ń gba ìtọ́jú, ilé ìwòsàn Crumlin sì ni ti àwọn ọmọdé. Ẹni tó gba ìgbáròkó ní ọdún 25 yóò padà wá, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kì í ṣe ẹnì kan ló yẹ kí oníṣirò kà á sí. Ìṣirò tó fi ọjọ́ orí òyìnbó nìkan ṣe òdiwọ̀n kò ní rí ọmọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ kò ṣeé fò dá, nítorí òun ni àwọn ìyá máa ń kọ́kọ́ béèrè. Orúnkún tuntun kì í sábà ká tó ti àdámọ́ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ká kọjá bí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sórí àga ṣe ń ká, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí gìgísẹ̀ kan ìdí. Ìkúnlẹ̀ kì í ba irin náà jẹ́. Ara ló máa ń kọ̀ ọ́, nítorí àpá iwájú orúnkún máa ń ro tàbí kó kú. Ẹlòmíràn á fi tìmùtìmù sílẹ̀ kó tó kúnlẹ̀ kí àgbà. Mùsùlùmí tí kò bá lè forí kanlẹ̀ mọ́ lè kírun lórí àga, ẹ̀sìn gbà á láyè. Àti pé, ó tọ́ kí a sọ ọ́ láìfi bò: nínú àwọn tó pààrọ̀ orúnkún, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Inú àwọn tó pààrọ̀ ìgbáròkó ń dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan lè dín iye àwọn tí yóò nílò iṣẹ́ abẹ kù. Ìwádìí tó jáde ní 2024 nínú New England Journal of Medicine fi hàn pé abẹ́rẹ́ semaglutide, tí wọ́n fi ń dín ìsanra kù, mú kí ìrora orúnkún dín kù púpọ̀ fún àwọn tó sanra tí wọ́n sì ní aromọ́léegun. Bóyá ìyẹn á dá iṣẹ́ abẹ dúró tàbí á kàn sún un síwájú, àwọn ọdún tó ń bọ̀ ni yóò sọ.

Ní báyìí, ẹni tó bá ń gbé Ireland kì í san owó bẹ́ẹ̀dì mọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n fagi lé e ní April 2023. Ìdúró nìkan ló kù, ìdúró yẹn sì ní ìdẹkùn kan tó ń mú àwa tí a ń háyà ilé jù. NTPF máa ń kọ̀wé sí àwọn tó wà lórí ìwé ìdúró láti bi wọ́n pé ṣé wọ́n ṣì fẹ́ ìtọ́jú náà. Bí ẹ kò bá dáhùn lẹ́yìn ìránnilétí, wọ́n lè yọ orúkọ yín. Bí ẹ bá ti kó kúrò ní Clondalkin lọ sí Balbriggan láti ìgbà tí GP ti kọ lẹ́tà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ilé ìwòsàn, kí ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù tuntun, kí ẹ sì béèrè bóyá orúkọ yín ṣì wà níbẹ̀.